Ẹ Má Dá Oníbàárà Lẹ́bi Lórí Ọ̀rọ̀ Ìkànnì Fíìmù

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ìkànnì fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí akọ̀wé yín ti sọ pé àìfẹ́ràn ohun tiwa ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa sá kúrò lórí àwọn ìkànnì tí ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ sanwó fún ti òkèèrè. Mo bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìnira ló ń lé oníbàárà lọ, ilé iṣẹ́ tí ó bá sì bá a gbé ìnira náà kúrò lọ́nà ni oníbàárà ń dúró tì.

Àwa tí a gbé Ìbàdàn láàárín ọdún 1990 sí 2000 kò gbàgbé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń háyà káṣẹ́ẹ̀tì fídíò. Owó táṣẹ́rẹ́ ni a fi ń háyà rẹ̀, àmọ́ bí ọjọ́ tí ó yẹ kí a dá a padà bá ti kọjá, owó ìtanràn lè ju owó tí a kọ́kọ́ san lọ, ojú a sì máa ti ẹlòmíràn débi pé kò ní gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá mọ́. Irú ìtanràn yìí wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, lọ́dọ̀ Blockbuster tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Reed Hastings àti Marc Randolph dá Netflix sílẹ̀ ní 1997, wọ́n ń fi DVD ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 1999, wọ́n sọ ọ́ di owó oṣooṣù, láìsí ìtanràn kankan, kí ẹni tí ó gba fíìmù fi sọ́wọ́ títí yóò fi ráyè wò ó. Ní 2010, Blockbuster gba ilé ẹjọ́ lọ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé fíìmù kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi háyà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé owó ńlá àti òṣèré olókìkí ló ń dá oníbàárà dúró, kí ó wo Quibi, ìkànnì fíìmù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n kó bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 750 dọ́là jọ fún. Orí fóònù nìkan ni ó ní kí àwọn ènìyàn ti máa wo fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti sé gbogbo ayé mọ́lé síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún náà kò tíì parí tí ó fi kógbá sílé.

Ní ti ọ̀rọ̀ tiwa nílé, ó dùn mí pé akọ̀wé yín fi ojú ọ̀lẹ wo iROKOtv, ìkànnì fíìmù Nàìjíríà. Jason Njoku àti Bastian Gotter tí wọ́n dá a sílẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ènìyàn wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣe áàpù tí ènìyàn lè fi gba fíìmù sórí fóònù, wọ́n sì tún gbé ìsọ̀ kéékèèké kalẹ̀, níbi tí oníbàárà ti lè gba fíìmù náà láìná dátà tirẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni mo ka èyí sí títí di òní. Síbẹ̀, dátà wọ́n, agbára náírà ń dínkù, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì lè bá gbogbo orílẹ̀-èdè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní 2020, wọ́n kéde pé àwọn yóò gbájú mọ́ àwọn oníbàárà tó wà ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Ṣé àwọn tó wà lókè òkun ló wá fẹ́ràn fíìmù wa ju àwa tí a wà nílé lọ ni? Rárá o, owó ni wọ́n ní lọ́wọ́, wọn kì í sì í ṣọ́ dátà lò bíi tiwa.

Àbúrò mi obìnrin ń ta gààrí ní ọjà Bódìjà, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube. Kò ní káàdì báǹkì, kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ìpolówó ọjà ló ń sanwó fún un. Bí dátà rẹ̀ bá tán láàárín fíìmù, yóò pa fóònù tì, ní ọjọ́ kejì yóò sì bá a níbi tí ó ti fi í sílẹ̀. Abájọ tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń kó iṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀ fúnra wọn.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ìjáwọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo sanwó sí ìkànnì kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí mo fẹ́ dáwọ́ dúró, n kò rí ibi tí mo lè tẹ̀ lórí fóònù mi. Mo kọ lẹ́tà, wọn kò fèsì, wọ́n sì tún yọ owó nínú àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀mejì kí báǹkì tó bá mi dí káàdì náà pa. Mo gbọ́ pé wọ́n ní fíìmù Yorùbá tó dára gan-an báyìí, àmọ́ n kò jẹ́ fi káàdì mi lé wọn lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Netflix kọ̀wé sí àwọn tí kò wo nǹkankan fún ọdún kan, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ máa sanwó, ó sì dá owó gbígbà dúró lọ́wọ́ àwọn tí kò fèsì. Netflix fi owó kún owó rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì ní 2024, tí ètò tó wọ́n jù fi di 7,000 náírà. Mo dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta nígbà náà, mo sì padà nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi wọlé, nítorí pé ìjáde mi kò fa wàhálà kankan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí akọ̀wé yín padà tọ àwọn olùdarí àwọn ìkànnì wa lọ. Kí ó bi wọ́n ní iye dátà tí fíìmù wákàtí kan ń jẹ lórí ìkànnì wọn, àti bí ẹni tí kò ní káàdì báǹkì ṣe lè sanwó. Lẹ́yìn náà kí òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó gbìyànjú láti jáwọ́, kí ó sì ka iye ibi tí yóò tẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.