Ẹ kó ẹrù yìí lé Olúwa lọ́wọ́, kí ẹ sì fi orí lélẹ̀ sùn

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Àdùkẹ́,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) ti mú ọwọ́ òsì wọn, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó. Olúwa á fún yín lókun kún okun. Lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń kó ẹrù lé Olúwa nígbà tí iṣẹ́ aláìsàn kò dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ á ṣú, tí á tún mọ́, tí nǹkan ṣì wà bó ṣe wà. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àìgbàgbọ́. Èmi náà kò fẹ́ fi "ó máa dáa" dá yín lóhùn, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè fi sínú Bíbélì yín, kí ẹ máa yọ ọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Sáàmù 55:22 sọ gan-an. Ó ní ká kó ẹrù wa lọ sí ara Olúwa, òun ni yóò sì mú wa dúró. Kò ní ẹrù náà yóò pòórá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó ṣèlérí ni pé ẹni tó ru ẹrù kò ní ṣubú. Àwọn tó ń sọ fún yín pé bí ìgbàgbọ́ yín bá pé ni, Bàbá ì bá ti dìde rìn, wọ́n fi tiwọn kún un ni. Nínú Sáàmù yẹn kan náà, ní ẹsẹ 17, ẹni tó kọ ọ́ ní alẹ́, òwúrọ̀ àti ọ̀sán ni òun ń gbàdúrà tí òun sì ń ké. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́! Nítorí náà, bí ẹ bá kó ẹrù yìí fún un láàárọ̀, tó sì tún ti padà sí yín lọ́rùn kó tó di ọ̀sán, ẹ tún kó o fún un. Kò túmọ̀ sí pé àdúrà àárọ̀ kò gbà.

Lọ́jọ́ tí àdúrà kò bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ mú Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4 ni ẹ̀bẹ̀. Ó di ẹsẹ 5 kó tó sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn yín, ẹ tọrọ ohun tí òní ń fẹ́, kí ẹ tó wá fi í lé e lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Olúwa, owó oògùn ọ̀sẹ̀ yìí. Olúwa, ibi tó fẹ́ di egbò ní gìgísẹ̀ Bàbá. Olúwa, ẹ̀rù tó ń bà mí bí ilẹ̀ bá ti ṣú." Ohun tó máa ń ba àdúrà yìí jẹ́ ni kéèyàn fo ẹsẹ ìráhùn, kó sáré lọ síbi ọpẹ́, torí ó ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run á bínú. Ìrora tí a kò bá sọ fún Ọlọ́run á máa wá ọ̀nà jáde níbòmíì, á máa já lu àwọn ọmọ, á máa já lu Bàbá fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá da omi sára. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn láìsí ọpẹ́ kankan níbẹ̀, inú Bíbélì ló sì wà títí dòní.

Lẹ́yìn àdúrà, ẹ ya ohun tó wà lọ́wọ́ yín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níbẹ̀. Bóyá ọwọ́ òsì Bàbá á tún ṣiṣẹ́ bíi tàtijọ́, kò sí lọ́wọ́ yín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀ ni ara máa ń tètè padà jù, àmọ́ ó ṣì lè máa padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà; ẹ fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ẹ má jí lóru láti gbà á padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá egbò sára, ọwọ́ yín nìyẹn wà.

Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa yí wọn: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Nígbà ìwẹ̀, ẹ wo ibi tí eegun ẹ̀yìn parí sí lókè ìdí, ẹ wo ìbàdí àti gìgísẹ̀. Ara dúdú kì í sábà pọ́n bíi ti òyìnbó. Ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fi Róòbù sí i, ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n sùn lé e. Ẹ má fa ọwọ́ òsì yẹn láti fi gbé wọn dìde, èjìká lè yẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Omi lásán tètè máa ń ṣìnà gba ọ̀nà èémí ju ògì tó ki lọ. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ tí wọ́n bá ti mu omi, tàbí tí ohùn wọn ń dún bíi pé omi há wọn lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà, torí oúnjẹ tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ló ń di àìsàn àyà. Ẹ máa yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wò lẹ́yìn oúnjẹ, òkèlè máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ ní ẹnì kan ní kí Bàbá pa tì kí ìgbàgbọ́ wọn lè hàn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Nínú 2 Àwọn Ọba 20, Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún 15 sí i fún Hesekáyà, ọba tí oówo fẹ́ pa, kí wòlíì Aísáyà tó ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá fi lé oówo náà. Ìlérí ṣáájú, oògùn tẹ̀ lé e, wọn kò bá ara wọn jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń rò pé ó ti lọ, àmọ́ oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ lílò ó, á tún gòkè, ó sì lè mú rọpárọsẹ̀ kejì wá. Ẹ máa wọ̀n ọ́n báyìí: kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún tó dá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ó bá ń wà lókè 140/90 ní ọjọ́ mélòó kan léraléra, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá dé 180/120, tí ẹ sì tún un wọ̀n tí kò sọ̀kalẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnu bá tún wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n rárá, ẹ gbé wọn lọ. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má pò ó mọ́ oògùn dókítà.

Bí Bàbá bá ń sunkún láìnídìí, ẹ má rò pé ẹ ti ṣẹ̀ wọ́n. Rọpárọsẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọpọlọ. Ìbànújẹ́ tó wúwo pẹ̀lú máa ń bá nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ó ṣe sọ ti ibà.

Ó wá kan ẹ̀yin gan-an. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì jí i kó jẹ àkàrà, kó mu omi, ó tún sùn, ó tún jẹ. Torí náà, ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kò bá ẹni tó ń gbé àgbàlagbà dìde mu. Òòyì lè kọ́ yín, kí ẹ sì jọ ṣubú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣọ́ òru, ẹ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bàbá kò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe. Nígbà tí Mósè ráhùn nínú Nọ́ḿbà 11 pé òun nìkan kò lè ru àwọn ènìyàn yìí, 70 àgbà ni Ọlọ́run ní kó kó jọ láti bá a rù ú. Ẹni tó ru igi oko dé kì í dá a sọ̀ kalẹ̀, ará ilé ní í bá a sọ̀ ọ́. Torí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ bá bi yín pé kí làwọn lè ṣe, ẹ má ní kí wọ́n ṣáà máa rántí yín nínú àdúrà. Ẹ ní kí ẹnì kan wá jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí márùn-ún. Àwọn èèyàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n á ti dì í mú ni. Káyọ̀dé ni kó máa gba òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ti gbà.

Owó tí mo fi ránṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ti oògùn oṣù méjì níbẹ̀, kí ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Èyí tó bá kù, kí ẹ fi san owó obìnrin tí ẹ ní ó lè máa wá láàárọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá pè yín lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí ẹ kò gbé e, màá gbà pé ẹ ń sùn, n kò sì ní pè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Ẹ kí àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Adéwálé