Kó àpótí mẹ́wàá yẹn sínú list kan

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka prógíráámù histogram (àwòrán tó ń fi iye máàkì tó bọ́ sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan hàn) tí o fi ránṣẹ́ láti òkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi dùn gan-an. Ó gba máàkì, ó kà wọ́n, ó sì to àmì ìràwọ̀ sí ìlà mẹ́wàá. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráámù.

Ṣùgbọ́n tún àwòrán tó gbé jáde wò. Ìlà 50 gùn ju gbogbo ìyókù lọ, ìlà 60 sì ṣófo, bẹ́ẹ̀ mo rí 63, 66 àti 68 nínú máàkì tí o kó fún un. Ibo ni wọ́n gbà lọ? Mo wá a títí mo fi kan ìlà yìí:

elif m < 70: a5 = a5 + 1

a6, àpótí tó ń ka 60 sí 69, ló yẹ kó wà níbẹ̀; 50 sí 59 ni a5 ń kà. O da ìlà òkè rẹ̀ kọ, o yí 60 sí 70, o wá gbàgbé a5. Kọ̀ǹpútà ò wí nǹkan kan, torí o ò rú òfin Python kankan. Mi ò bá ọ wí nítorí pé o gbàgbé. Ẹni tó bá kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì níbì kan. Àkọtúnkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o jáwọ́ nínú rẹ̀.

a0 dé a9 tí o sọ lórúkọ, àpótí mẹ́wàá tí kò mọ ara wọn ni. Kó wọn sínú list kan ṣoṣo, ìyẹn àkójọ tí ohun kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, kí o máa fi ipò pè wọ́n:

iye = [0] * 10
for m in maaki:
    iye[min(m // 10, 9)] += 1

Gbogbo if àti elif yẹn ti parí síbẹ̀. Bí máàkì bá jẹ́ 63, 63 // 10 (pín in, kí o ju ìyókù nù) á fún wa ní 6, ọ̀kan á sì kún àpótí tó wà ní ipò 6. Ìṣirò ló ń yan àpótí báyìí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Ẹni tó gba 100 ni mo tìtorí rẹ̀ fi min, tó ń mú èyí tó kéré jù, síbẹ̀. 100 // 10 jẹ́ 10, ipò list wa sì bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 9. Láìsí min, IndexError (àṣìṣe pé ipò tí o pè kò sí) ló máa yọ sí ọ, ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ á wá di ẹni tó dá prógíráámù rẹ dúró. Àpótí ìkẹyìn wá di 90 sí 100. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀.

Loop kékeré kan (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe léraléra) tó láti tẹ̀ ẹ́ jáde:

for i in range(10):
    print(i * 10, "*" * iye[i], iye[i])

Má yọ iye tó wà ní ìparí yẹn. Lọ́jọ́ tí máàkì bá pọ̀ ju ohun tí ojú kọ̀ǹpútà lè gbà, wàá ní láti fi iye[i] * 50 // max(iye) dín ìràwọ̀ kù, àpótí tí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ sì lè má ní ìràwọ̀ kankan mọ́. Nọ́ńbà yẹn ni yóò jẹ́rìí pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Wọ́n á sọ fún ọ pé Counter, ohun èlò ìkà-nǹkan tó wà nínú collections ti Python, lè ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òun náà ni mo máa ń lò bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ tàbí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti rí nìkan ló máa ń tò sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gba ọgbọ̀n-lé, tí o sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe tò ó, ìlà 30 ò ní sí rárá. Mo ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí: 20 àti 40 fara kanra, gbogbo wa kà á bí ẹni pé kò sí àlàfo, àlàfo yẹn sì ni ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Bí o bá máa lo Counter, fi range(10), ìyẹn 0 dé 9, bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; á dá ọ lóhùn 0 níbi tí kò sí nǹkan.

Tún un kọ lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àpótí ogún, márùn-ún márùn-ún. Wàá rí i pé nọ́ńbà mélòó kan péré lo máa yí. Fi 0, 4, 5, 99 àti 100 dán an wò, kí o sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.