Ewé mọ́ínmọ́ín ti wà kí SDG tó dé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìgbìyànjú. Ráìsì ọ̀fàdà àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà ní Ṣómólú níbí, màámi ló ń tà á tẹ́lẹ̀ kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé mo gbọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò tó ń ṣàlàyé SDG, àwọn àfojúsùn 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò sí lọ́dún 2015 pé kí gbogbo ayé lé bá kó tó di 2030, ó ń kà á lọ, ọ̀rọ̀ ebi, ọ̀rọ̀ òṣì, omi tó mọ́, ó wá dórí ìkejìlá tó ní ká yé fi nǹkan ṣòfò, ló bá ní àwa tí bísínẹ́ẹ̀sì wa kéré, ó yẹ ká lọ kọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń di oúnjẹ láìba àyíká jẹ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Òyìnbó wo? Ewé tí màámi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín látijọ́ nkọ́?

Ewé eéran ni mò ń sọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ewé mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kọ, ọ̀fàdà, iyán, àní obì tí wọ́n bá fẹ́ kó má gbẹ, ewé ni wọ́n fi ń wé gbogbo ẹ̀. Téèyàn bá jẹun tán tó sọ ọ́ nù, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, bí ewúrẹ́ ò bá jẹ ẹ́, á jẹrà fúnra ẹ̀. Ẹ wá fi wé fóòmù tékáwéè funfun yẹn, kò mọ jíjẹrà rárá, ṣe ló máa ń rún wẹ́wẹ́, á léfòó nínú gọ́tà, òjò á gbé e, ó di inú ọ̀sà, ẹja á máa ṣà á jẹ.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, èmi náà ṣẹ̀. Nígbà tí mo gba ìsọ̀ lọ́wọ́ màámi, àwọn kọ́sítọ́mà mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ewé ti di ti ará oko, ọbẹ̀ á máa kán sí báàgì àwọn, ni mo bá kó fóòmù wọlé. Mọ́ínmọ́ín náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sè é nínú náílọ́ọ̀nù, nínú omi tó ń hó yaya, torí pé ó yá ju ká máa pọ́n ewé lọ. Màámi ò bá mi jà, wọ́n kàn ò jẹ mọ́ínmọ́ín mi mọ́ ni. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Ìgbà tó di January 2024 ni Kọmíṣọ́nnà fún Àyíká ní Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde lọ́jọ́ Sunday kan pé fóòmù ti di èèwọ̀, wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká fi ta èyí tó wà nílẹ̀. Gbogbo wa pariwo o, èmi gan-an pariwo. Ọ̀gá kan tó ń ta ọjà níye-níye wá fi páálí lọ̀ mí, ó ní tòkè òkun ni, owó ẹ̀ jìnnà sí ti fóòmù, mo rà á. Ọbẹ̀ ayamáṣe ò kì í ṣe omi lásán, epo pọ̀ nínú ẹ̀. Kí kọ́sítọ́mà mi kan tó dé ibùdókọ̀, ìdí páálí ti já, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ di aláwọ̀ ọsàn. Èmi ni mo sanwó ìfọṣọ.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo padà sídìí ewé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ò kì í dé ibi tí mò ń sọ yìí. Abẹ́ ìbòòji igi ńlá ni ewé yìí ti ń hù, nínú igbó, kò fẹ́ oòrùn. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi tán, ewé náà tán níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́n sí i, tó bá wá dìgbà ọyẹ́, ó á tún máa ya lọ́wọ́ bíi bébà gbígbẹ. Àwọn ìyá tó ń ká a ní ọ̀nà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé e wọ̀ wá, tí gó-sìlóò bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, ìdajì á ti gbó kó tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n owó tí mo fún wọn ò lọ sókè òkun o, ó padà sí ilé tó sún mọ́ igbó, ẹni tó ń rówó lára ewé ò sì ní fẹ́ kí wọ́n gé igi tó ṣíji bò ó. (Ewé yìí kan náà ló ń so èso pupa nísàlẹ̀ tí wọ́n ń rí ohun aládùn kan tó ń jẹ́ thaumatin yọ nínú ẹ̀, tó dùn ju ṣúgà lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìsàlẹ̀ ewé tí à ń pè ní ti ará oko!)

Mo tún dá nǹkan mìíràn sílẹ̀: ẹni tó bá gbé abọ́ tàbí kúlà tiẹ̀ wá, pọ̀nmọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn méjì péré. Báyìí, ọ̀sán Friday, kúlà ló máa ń tò síwájú mi. Pọ̀nmọ́ yẹn ò ná mi tó páálí kan.

Níbi pio wota ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Mò ń tà á, mi ò lè sọ pé mi ò tà á, ooru ń mú èèyàn. Àpò kan ni mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì fún náílọ́ọ̀nù ẹ̀, àwọn tó ń fi kílò ra náílọ́ọ̀nù ń wá kó o.

Láti July 2025 ni Èkó ti ní òfin tó de fóòmù yìí ti kan síbí, sítírọ́ọ̀, kọ́ọ̀bù àti náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ bá mi bi gọ́mẹ́ńtì: kí ló dé tó jẹ́ pé ìdí tábìlì ìyá olónjẹ ni òfin máa ń kọ́kọ́ dé, tí kì í tètè dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é? Kí wọ́n fún àwọn ìyá eléwé ní ṣẹ́ẹ̀dì tó tutù lọ́jà, kí àwọn ilé oúnjẹ ńlá náà máa ra ewé lọ́wọ́ wọn, ẹ á rí i bóyá ẹnikẹ́ni máa béèrè fóòmù mọ́.

Ẹ má bínú o, olóòtú, alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwé ìròyìn yín ló fi ń wé àkàrà. Mo ti sọ fún un pé íǹkì ò dáa nínú oúnjẹ, mo ti fún un ní ewé díẹ̀. Màámi ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi padà, wọ́n ní iyọ̀ ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Oníráìsì ọ̀fàdà, Ṣómólú, Èkó