Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún àti díẹ̀

Àjàṣẹ́, ọjọ́ Àìkú, 16 Nọ̀fẹ́ńbà 2025

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ìbejì, mo kí àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé òjò Libreville kì í gbẹ̀bẹ̀ lásìkò yìí, nítorí náà mi ò ní bi ọ́ bóyá aṣọ ń gbẹ. Níbí, òjò ti ń káṣẹ̀ ńlẹ̀, ọyẹ́ ò tíì dé, ooru ló jókòó sáàárín bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Búbù rẹ kù díẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ ni mo ń ṣe lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìyẹn 14 oṣù yìí, tí àwọn aṣòfin wa fi jókòó lórí àtúnṣe òfin ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́.

O ti gbọ́, mo mọ̀. Fóònù tìrẹ kì í sùn. Àmọ́ iye nìkan ni fóònù sọ fún ọ: 90 gbà, 19 kọ̀. Jẹ́ kí n sọ bí iye náà ṣe rí lójú àwa tí a wà ní Àtàkè, àdúgbò wa níbí.

O ò gbàgbé bí ìlú yìí ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ń jókòó. Àjàṣẹ́ ni olú ìlú Orílẹ̀-èdè Benin nínú ìwé, Kútọnù ni àwọn mínísítà ń gbé, àwọn aṣòfin nìkan ló ṣì ń ná owó epo wá sọ́dọ̀ wa. Ilé àwọn gómìnà Faransé àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ilé tuntun tí Francis Kéré, ọmọ Burkina, ya àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2021, o mọ̀ ọ́n: ó ní igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni òun wò kọ́ ọ. Ó wù mí. Èyí sàn ju ti etí ọ̀sà lọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Yayi ń ṣe ààrẹ tí wọ́n sì pa tì fún koríko àti aláǹgbá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́tò dúdú ti ń kọjá láti àárọ̀. Oníbàárà mẹ́ta ló ní àwọn ò ráyè kọjá wá gba aṣọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Wàndó ní òun á gba ẹgbẹ̀rún sẹ́fà, mo ní ṣé ìwọ náà ń bọ̀ wá dìbò ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ọgọ́rùn-ún márùn-ún.

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, a ò ti ṣọ́ọ̀bù. Rédíò wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà níbẹ̀, ó ní òun wá kàwé níbi tí iná wà. Ìyá alákàrà náà fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ wọlé. Òun ló kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mélòó ni wọ́n ń wá yìí?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìlẹ̀kùn méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gbé àbá àtúnṣe òfin ilẹ̀ yẹ̀wò rárá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ. Ìkejì, bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, aráàlú ló yẹ kó dìbò sí i, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àyàfi. "Àyàfi" yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn bá fọwọ́ sí i nínú ilé, ó parí, a ò ní pe ìwọ àtèmi mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ ọ́ sórí tábìlì ìgéṣọ: àwọn aṣòfin jẹ́ 109, ìsọdọ̀pọ̀ mẹ́rin, pín in sí márùn-ún. Ó ní 87,2. Mo ní ta ni ìdá méjì nínú mẹ́wàá ènìyàn yẹn? Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní bóyá ẹni tó dìbò tí ojú ń tì ni. A rẹ́rìn-ín títí okùn fi já lábẹ́rẹ́ mi. Ọmọ náà ní wọn ò lè gé ènìyàn, nítorí náà 88 ni.

Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ jẹ́ 82. Gbọ́ ìyókù, nítorí pé ìwọ ọlọ́jà á mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìdìbò Jánúárì 2023, ẹgbẹ́ UP-R mú àga 53, Bloc Républicain mú 28, Les Démocrates, ẹgbẹ́ alátakò, mú 28. Àwọn méjì tó ń bá ààrẹ lọ, pa wọ́n pọ̀: 81. Ó ku ẹyọ kan! Bí ìgbà tí o bá lọ ra ìrẹsì tí owó rẹ fi sẹ́fà márùn-ún dín. Ní 1 Máàsì 2024 wọ́n gbìyànjú rẹ̀. 71 gbà, 35 kọ̀, àwọn mẹ́ta ò gbà wọn ò sì kọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n fi pàdánù, nínú ilé tiwọn gan-an ni àwọn kan ti ń sá lọ. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ kankan. Mo kàn fẹ́ràn kí ènìyàn lè jókòó sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sì ní rárá.

Tún rántí 4 Épírì 2017, ìwọ ṣì wà níbí, oyún ìbejì wà nínú rẹ. Ìgbà yẹn wọ́n jẹ́ 83, wọ́n nílò 63, wọ́n rí 60. Àwọn 22 kọ̀. Ènìyàn mẹ́ta péré! A jókòó níwájú ilé yín, ò ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ata, o ní bí wọ́n bá wá yá ọ ní ikùn rẹ, wọ́n á rí méjì, á ku ẹyọ kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá alákàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ti 2019 kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ alátakò kankan ò sí nínú ilé lọ́dún yẹn, wọn ò jẹ́ kí orúkọ wọn wọ ìwé ìdìbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 31 Òkìtóbà, nígbà tí a jí ní 1 Nọ̀fẹ́ńbà, 83 nínú 83 ti gbà á. Òru náà ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ òru ni wọ́n máa ń ṣe é? Orò ń jáde lóru, Sangbétò ń jáde lóru, a mọ ìdí rẹ̀. Ìwé òfin ńkọ́?

Bó o bá bi mí, kì í ṣe iye ló ń dùn mí. Iye ni iye. Ìyá mi ló wà lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún 15 ni mí ní 2 Dìsẹ́ńbà 1990, ọjọ́ Àìkú ni, mo tẹ̀ lé e lọ sí ibi ìdìbò nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ìwé òfin tuntun ni wọ́n ní kí wọ́n dìbò sí lẹ́yìn ìpàdé ńlá Kútọnù. Kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Àṣàyàn kẹta wà níbẹ̀: o lè gba ìwé náà kí o ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò, èyí tó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní 40, kò sì gbọ́dọ̀ lé ní 70. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń ti àwọn àgbà mẹ́ta tó ti jẹ ààrẹ rí sẹ́yìn, Maga, Ahomadégbé àti Zinsou. Ìyá mi kò mọ ìwé kà. Ó dúró lórí ìlà ní wákàtí méjì, òun àti ìyá kan tó ń ta ẹja, wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí á sọ fún àgbàlagbà pé ó ti dàgbà jù. Ó wọlé, ó jáde, ó sì kọ̀ láti sọ ohun tó mú fún mi títí ó fi kú. "Wọ́n bi èmi ni," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Wọn ò bi ọ́."

Èyí tó ní ọjọ́ orí nínú ló wọlé.

Ìyá Ìbejì, mo ti pé 50 lọ́dún yìí, wọn ò tíì bi èmi náà. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2019, wọ́n tún un ṣe lóru ọjọ́ Jímọ̀, nínú ilé ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Mo ń yan aṣòfin, mo ń yan ààrẹ, ó dára. Ìwé tó sọ bí wọ́n á ṣe jókòó pẹ́ tó lórí àga, ìyá mi nìkan ló dìbò sí i nínú ilé wa.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe lójúde kejì ní ẹjọ́ mi kò tọ́. Ó ní àwa la yàn wọ́n, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àwa la sọ ọ́. Pé ìdìbò aráàlú ń jẹ owó, Jánúárì la ó tún dìbò ní ọjọ́ 11, Épírì la ó tún dìbò ààrẹ, ṣé kí a tún wá dá ẹ̀kẹta sílẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí, mo gbà. Àmọ́ ìgbà tí mo yàn wọ́n, wọn ò sọ fún mi pé àwọn ń bọ̀ wá sọ ọdún márùn-ún di méje.

Nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọdún méje fún ààrẹ, ọdún méje fún aṣòfin, ọdún méje fún méèrì. Ìgbà méjì tí ààrẹ lè ṣe, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún dá ilé kejì sílẹ̀, Sẹ́nà, tí àwọn tó ti jẹ ààrẹ rí máa jókòó sí láìjẹ́ pé ẹnì kan dìbò yàn wọ́n. Ìyá alákàrà ní ṣé owó ẹ̀wà náà á dúró fún ọdún méje ni.

Òun náà ló ní kí n máa túmọ̀ rédíò fún òun. Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́! Faransé ni, Faransé tó gùn bí ọ̀nà Kétu. Ó rán mi létí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwa aránṣọ lọ wo ilé náà, a jókòó sókè níbi tí wọ́n ń fi aráàlú sí. Ọ̀rọ̀ owó yíyá ni lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ta ló gbà, ọwọ́ lọ sókè. Ta ló kọ̀, kò sí. Owó náà di gbèsè kí n tó rí ibi tí mo fi báàgì mi sí. Àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bèèrè ní Yorùbá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mélòó la jẹ wọ́n báyìí?" Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kó dákẹ́.

Ohun kan wù mí lọ́jọ́ yẹn ṣá o. Àwọn obìnrin pọ̀. Láti 2023, agbègbè ìdìbò 24 tó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àga obìnrin kan tí ọkùnrin ò lè dù. Nígbà tí Kolawolé Idji yín ń ṣe olórí ilé náà láti 2003 dé 2007, ènìyàn lè fi ọwọ́ méjì ka obìnrin tó wà níbẹ̀. (Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Kétu ni. Àmọ́ Houngbédji wa jókòó lórí àga yẹn nígbà mẹ́ta, má gbàgbé.)

Kí n má parọ́ fún ọ, a ò gbọ́ òpin rẹ̀. Ní bí agogo méjìlá òru, iná lọ, rédíò dákẹ́, mo ní kí gbogbo wọn lọ sùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí mo ṣe ń tẹ́ ẹní mi, ọlọ́kadà kan kọjá, ó ń pariwo fún èkejì rẹ̀ pé, "Àádọ́rùn-ún!" Mo kọ́kọ́ rò pé iye tí wọ́n ń ta lítà epo ni.

90. Bí gbogbo 81 bá dúró, mẹ́sàn-án ti wá láti ibòmíràn. Yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú 28 ti Les Démocrates, o rí 19. Wò ó bó ṣe ṣe rẹ́gí. Àwọn kan ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ṣáájú, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Àtàkè. Wọ́n nílò 88, méjì sì ṣẹ́ kù. Ó ku kí ilé ẹjọ́ òfin ilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ààrẹ sì fọwọ́ sí i.

Lánàá, oníbàárà kan wá wọn aṣọ. Ó rí 87,2 tí ọmọ náà kọ sórí tábìlì, n kò tíì nù ún, ó ní, "Ìyá Ramatu, ìbàdí ta nìyí?" Mo ní ẹni tó ni ín ń gbé Kútọnù.

Búbù rẹ á bá ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó ní òun á gbà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n èjìká rẹ tí mo ní lọ́wọ́ ti lé lọ́dún mẹ́ta, mo fi íǹṣì kan kún un, má bínú. Bí ó bá tóbi jù, ká a wọlé lábẹ́ apá, má gé e. Kí o sì wọn àwọn ìbejì fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má sọ fún mi pé wọ́n rí bákan náà.

Èmi ni,
Ìyá Ramatu