Nígbà Tí Orí Bá Wú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ooru yìí o, ẹ sì kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àdúrà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ ṣeun bẹ́ẹ ṣe ń tètè dé (ó ku àwọn kan tí wọ́n ṣì ku díẹ̀ káàtó, wọ́n mọ ara wọn).

Inú ìpàdé àdúrà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Tẹ́nì kan bá ti gba máìkì pé kó yin Ọlọ́run, á kàn da "awesome" mọ́ "wonderful", á tún gbé "glorious" lé e, kò tiẹ̀ ní mí. Mi ò ní Gẹ̀ẹ́sì burú o, Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè. Àmọ́ ẹni yẹn kan náà, tó bá dé ibi ìnáwó lọ́sàn-án, tí wọ́n gbé jọ́lọ́ọ̀fù síwájú ẹ̀, awesome náà ló máa pè é. Ìyẹn ló ń ṣe mí ní kàyéfì.

Ẹ wo bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Ọmọge tó dáa, a ní ó rẹwà. Aṣọ òkè tó dáa, a ní ó wuyì. Ilé tí wọ́n kùn dáadáa, ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti wá kọjá bẹ́ẹ̀, tó tóbi ju ojú lọ, a kì í sọ̀rọ̀ nǹkan yẹn mọ́, ohun tó ṣe sí wa lára la máa ń sọ: orí mi wú, ara mi bù máṣọ, ẹnu yà mí, mo kàn ń wò ṣáá ni. Ẹni tó bá wà láàfin rí lọ́jọ́ tí ọba fẹ́ jáde, tí wọ́n wá fi gbẹ̀du sí i, ó mọ nǹkan tí mò ń wí, inú ẹ á máa dùn, ẹsẹ̀ ẹ á sì fẹ́ sá. Ẹwà àti ẹ̀rù ló jọ wà níbẹ̀.

Nígbà tá a kó àwọn yúùtù àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ wo omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Erin-Ìjèṣà, ìpele méje lomi yẹn, àmọ́ ìpele kìíní nìyá wa kan ti dúró, torí orúnkún. Omi ta sí ojú awò wọn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún fi í sójú, wọ́n wá ní, "Háà. Kábíyèsí." Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ ń pariwo pé Màmá ẹ bọ́ síbí ká ya fọ́tò, wọn ò dáhùn. (Èmi pásítọ̀ náà wà nídìí fọ́tò, mi ò ní purọ́.) Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, "Ọba tó pọnmi látinú àpáta tí kò lo korobá." Oríkì yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ẹ̀.

Bó sì ṣe rí nínú Bíbélì nìyẹn. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 15, nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ túmọ̀ fún wa, tó pé odindi ní 1884, ẹ máa rí i ní ẹsẹ 11: "ológo ní mímọ́, ẹlẹ́rù ní ìyìn." A máa ń sáré kọjá lórí ẹlẹ́rù yẹn. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń kọ orin yẹn, etí òkun ni wọ́n dúró sí o, wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ ẹṣin àti ẹni tó gùn ún tí omi gbé lọ kí wọ́n tó dé ibi ológo, ohun tójú wọn rí ló gbé orin yẹn wá. Ìsíkíẹ́lì náà, létí odò Kébárì, gbogbo nǹkan tó rí, "bí" eléyìí, "bí" tọ̀hún ló ń pè é, tó wá dórí ògo Olúwa fúnra ẹ̀, ó ní ìrí àwòrán ògo lòun rí, ó sì dojú bolẹ̀. Wòlíì o! Kò sáré pe orúkọ ohun tójú ẹ̀ ò ká.

Ẹnì kan á ní, Pásítọ̀, èmi ò lówó bọ́ọ̀sì Erin-Ìjèṣà. Kò burú. "Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ tí ń yọ ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀fìn" tẹ́ ẹ máa ń pè yẹn ńkọ́, ọ̀fìn wo ni? Ẹnì kan ti jábọ́ sínú ẹ̀ rí ká tó ní oríkì yẹn. Arẹwà la sì ń pe Jésù, ṣùgbọ́n Aísáyà orí 53 sọ ọ́ lójú wa pé kò ní ẹwà tá a bá fi fẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n nà, tí wọ́n tutọ́ sí lójú, tó sì ń tọrọ àforíjì fún wọn, tí ìyẹn ò bá mú orí wa wú, omi kọ́ ló máa ṣe é.

Nítorí náà, ìsìn ìdúpẹ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹni tó bá máa yin Ọlọ́run, kó mú oríkì kan ṣoṣo wá, kó sì sọ ibi tó ti rí i. Tẹ́nu ò bá gbà á, kó ní háà, kó lọ jókòó, a máa gbà á bẹ́ẹ̀. Kọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ìlù bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Kíkà wa lọ́sẹ̀ yìí ni Ẹ́kísódù 15, Ìsíkíẹ́lì 1 àti Aísáyà 53.