Ẹ̀sùn lórí ẹran adìẹ tí kò jinná, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi ní kí n máa lọ kí n máa bọ̀

Básírì,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
17 oṣù Kẹfà, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́,
Nípasẹ̀ ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó. Ìgbà keje rèé tí mò ń kàn sí iléeṣẹ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí tààrà, nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yín ti gbọ́ ọ títí, kò sì sí ohun kan tó tìdí rẹ̀ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka ilé oúnjẹ yín ní Adó-Èkìtì níbí ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, wà nínú àkọsílẹ̀ yín: nọ́ńbà rìsíìtì, aago tí wọ́n gbowó, orúkọ kásíà tó gbà á. Àwòrán ẹran náà wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú, mo ti fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sí fóònù mánéjà àti sí ímeèlì yín. N kò ní tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ọmọdé mẹ́rin ni mo rà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú itan adìẹ díndín kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú itan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jinná dé eegun. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bu tirẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ojú wa tó tó o.

Bó bá jẹ́ ẹran yẹn nìkan ni, n kò ní jókòó kọ lẹ́tà. Kò sí ilé ìdáná tí kì í ṣàṣìṣe, pàápàá lọ́jọ́ tí ìlà àwọn oníbàárà gùn dé ẹnu géètì. Ohun tó ká mi lára ni bí ẹ ṣe gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àti ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín kan sọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí mánéjà. Nígbà tí mo fi ẹran náà hàn án, kò bèèrè bóyá ọmọ kankan ti jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé àwo, ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbé itan méjèèjì padà wá, wọ́n ti tún wọn dín. Itan yẹn náà ni, ojú eyín ọmọ ṣì wà lára ọ̀kan. Iṣẹ́ oúnjẹ ni èmi náà ń ṣe, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó bá ti dé orí tábìlì oníbàárà, tí ẹnu ti kàn án, kò gbọdọ̀ padà sínú epo tí wọ́n fi ń dín ti ẹlòmíràn. Dídà ni wọ́n ń dà á nù, kí wọ́n sì dín tuntun. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú epo kò sì fi ohunkóhun hàn bí ẹnikẹ́ni kò bá fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Mo bèèrè tẹmómítà lọ́wọ́ mánéjà. Ó ní ojú làwọn fi ń mọ̀ ọ́n.

Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C ní ibi tí ẹran ti nípọn jù, kí ṣóńṣó tẹmómítà má sì kan eegun, nítorí eegun máa ń gbóná ju ẹran lọ, á sì purọ́ fún ẹni tó ń wò ó. Ohun tó fa èyí tí wọ́n gbé fún àwọn ọmọ kò ṣòro láti mọ̀. Itan adìẹ tó ti dì nínú fíríìsà ní −18°C nílò òru kan gbáko nínú fíríìjì kí yìnyín inú rẹ̀ tó yọ́ tán. Bí èrò bá ti pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, èyí tí wọ́n yọ́ sílẹ̀ á tán, wọ́n á sì máa mú láti inú fíríìsà bọ́ sínú epo tààrà. Wọ́n á tún kó o kún apẹ̀rẹ̀ ìdínran dé ẹnu. Epo tó wà ní 175°C á já wálẹ̀ lójijì, àwọn tó ń dín in kò sì ní fi kún ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò, nítorí kásíà ti ń pariwo pé oníbàárà ń dúró. Ẹ̀yìn ẹran á pọ́n, á sì dára lójú. Inú rẹ̀ á ṣì tutù.

Òṣìṣẹ́ yín kan ní oríléeṣẹ́, ní 5 oṣù Kẹfà, sọ fún mi pé pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, pé mùdùnmúdùn eegun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ, n kò sì ní jiyàn lórí ìyẹn. Adìẹ tí wọ́n pa ní kékeré, tó sì ti wà nínú fíríìsà, mùdùnmúdùn rẹ̀ lè ṣàn jáde, kó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ eegun pọ́n tàbí kó dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran náà ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹran tó jinná kì í lẹ̀ mọ́ eegun, kì í sì í fà bíi rọ́bà. Ẹ tún wo àwòrán kejì tí mo fi ránṣẹ́. Ẹran ibẹ̀ ń dán, ó sì mọ́lẹ̀ bíi gíláàsì, bí ẹran tútù ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, tútù ni. Mùdùnmúdùn kì í mú ẹran tutù.

Ní báyìí, ìrìn tí ẹ rán mi. Mánéjà gba nọ́ńbà fóònù mi, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì tiwọn, ó ní kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà tó kọjá, wọn yóò pè mí, owó mi yóò sì padà. Wọn kò pè. Ní ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà, èmi ni mo pe nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì. Orin ni mo gbọ́ fún ìṣẹ́jú méjìlélógún kí ẹnìkan tó gbé e. Ọmọlúàbí ni ẹni tó gbé e, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni yóò gbà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn yẹn ní nọ́ńbà ẹ̀sùn tí mo kà fún òun kò sí lórí kọ̀ǹpútà àwọn, pé kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí n kọ ímeèlì.

Ọdún Iléyá bọ́ sáàárín, ìjọba fún wa nísinmi lọ́jọ́ Ẹtì àti lọ́jọ́ Ajé, n kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka yín níbí ṣí lọ́jọ́ méjèèjì, tí wọ́n ń tajà. Mo kọ ímeèlì ní ọjọ́ kẹwàá. Èsì dé láàárín ìṣẹ́jú kan: ẹ mọrírì mi, ẹ ó kàn sí mi láìpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé kí n padà lọ bá ẹ̀ka tí mo ti ra oúnjẹ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Mánéjà ní kò sí àṣẹ lọ́wọ́ òun láti dá owó padà, oríléeṣẹ́ ló ń ṣe é. Nígbà náà, kí ló dé tó fi ṣèlérí rẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún? Oríléeṣẹ́ ní ẹ̀ka ni, ẹ̀ka ní oríléeṣẹ́ ni. Ó ní òun lè fún àwọn ọmọ ní áísìkiriìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà, ni mo pe oríléeṣẹ́ kẹ́yìn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún. Ẹ máa ń sọ lórí ìlà yín pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Kí n tó ṣàlàyé dé ìdajì, obìnrin tó gbé fóònù já mi lẹ́nu, ó ní: “Mọ̀mí, ṣé àwọn ọmọ náà kú ni? Ṣebí wọ́n ṣì ń lọ sílé ìwé. Itan adìẹ méjì péré lẹ sọ di ẹjọ́ báyìí.” Ó sì pa fóònù.

Ọ̀gá wa, mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́rin, kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú ilẹ̀ wa, a kì í fi ikú ọmọ dá ìyá lóhùn. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ yín ló fi ń sọ̀rọ̀.

Kò tilẹ̀ yé e pé ohun tó sọ kò bọ́gbọ́n mu. Àìsàn tí ẹran adìẹ tútù ń fà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Salmonella lè gba wákàtí mẹ́fà, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Ti Campylobacter, kòkòrò mìíràn, sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń mú jù, nítorí ìgbẹ́ gbuuru tètè ń fa omi ara ọmọdé gbẹ. Ọjọ́ márùn-ún ni a fi ṣọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, nílẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n. Kì í ṣe ilé ìdáná yín ló yọ wọ́n.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹ̀sùn irú èyí kò fi gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Itan tó jáde nínú apẹ̀rẹ̀ epo yẹn kì í ṣe mẹ́rin péré, àwọn òbí mìíràn sì wà lórí ìlà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Bí mánéjà bá ti rí méjì tí kò jinná, ohun tó kàn ni kó dá títa dúró, kó fi tẹmómítà wọn èyí tó kù nínú àpótí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná, kó da èyí tí kò dé ìwọ̀n nù, kó sì bèèrè bí wọ́n ṣe yọ́ ẹran ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ kò lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Títà ni wọ́n ń tà á lọ nígbà tí a fi jáde.

Ohun méjì kékeré tún wà tí n kò fẹ́ fò. Bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí kásíà kọ ₦4,800 fún oúnjẹ ọmọdé kan, ₦5,200 ni wọ́n gbà. Kásíà ní bọ́ọ̀dù náà ti pẹ́. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba oníṣòwò láyè láti gba iye tó ju èyí tó kọ síta lọ, ₦1,600 sì ni ìyẹn jẹ́ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì, ẹ̀rọ omi ìfọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìṣeré àwọn ọmọ gbẹ, kò sì sí ọṣẹ. Wọ́n ní kí n ra omi inú ọ̀rá. Ẹ kó àwọn ọmọ síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, ẹ sì gbé adìẹ lé wọn lọ́wọ́ láìsí omi.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Kí gbogbo ₦20,800 padà sínú àkáǹtì tí wọ́n ti gbà á, lówó, kì í ṣe áísìkiriìmù, kì í ṣe kúpọ́ọ̀nù tí màá fi padà wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Kí obìnrin tó sọ̀rọ̀ ikú sí mi tọrọ àforíjì, kí ẹ̀yin náà sì kọ tiyín lórí ìwé tó ní ìbuwọ́lùwé. Kí ẹ sì dá mi lóhùn lórí ìwé kan náà: ṣé ẹ ti gbé tẹmómítà lọ sí ẹ̀ka Adó, ta ló ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń yọ́ adìẹ báyìí? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù sí mi. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Ọjọ́ iṣẹ́ méje ni mo fún yín, ó parí ní Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹfà. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwòrán, rìsíìtì àti ọjọ́ gbogbo ìpè mi yóò dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ̀dà kan yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ Adó, kí wọ́n wá wo fíríìsà àti ẹ̀rọ omi yẹn fúnra wọn. Ìparí ọdún ẹ̀kọ́ sì ti ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìgbà tí àwọn ilé ìwé máa ń ra oúnjẹ ayẹyẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rà á lọ́dọ̀ yín. Màá ka lẹ́tà yìí sétí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn ọmọ náà, màá sì fún òbí yòówù tó bá fẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀ láti mú lọ sí ilé ìwé tirẹ̀.

Ẹ má ní kí n tún fi rìsíìtì ránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn èyí tó wà lọ́wọ́ mánéjà yín.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín ní Básírì, Adó-Èkìtì.