Lẹ́tà sí Bàbá Mi, Tíṣà Economics

Bàbá mi,

Àjọ oníṣirò ìjọba tún ti ṣírò ọrọ̀ ilẹ̀ wa o. Ní oṣù Keje 2025 ni wọ́n fi ọdún 2019 ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tuntun, wọ́n ní àpapọ̀ ọrọ̀ tí Nàìjíríà pèsè ní 2024, ìyẹn GDP, jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 372.8. Nínú ilé yìí, ẹ̀yin nìkan ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ì bá dùn mọ́.

Ti oṣù Kẹrin 2014 ńkọ́? Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ kúrò lórí 1990 bọ́ sí 2010, wọ́n ka Nollywood mọ́ ọn, wọ́n ka iṣẹ́ fóònù alágbèéká mọ́ ọn, ni GDP wa ti 2013 bá fò dé nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 510, a sì fi Gúúsù Áfíríkà sẹ́yìn. Ẹ ní ká ra máàtì fún gbogbo ará ilé mu. Owó ìfẹ̀yìntì yín ò wọlé, àwìn la rà á. (Ti báyìí ò gba máàtì: náírà ti já wálẹ̀ débi pé, tí a bá ṣẹ́ GDP 2024 sí dọ́là, kò tó ìdajì ti 2013.)

Lọ́jọ́ náà lẹ jókòó tì wá, ẹ ń kọ́ wa: owó-ọ̀yà, owó ilé, èlé àti èrè, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó tó wọlé fún orílẹ̀-èdè lọ́dún nìyẹn. Ẹ ní ìjọba tí kò bá mọ̀ ọ́n, afọ́jú ló ń gbowó orí. Màmá ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó ní, "Èyí tí èmi ń ṣe yìí ńkọ́, ṣé wọ́n kà á?"

"Rárá. Àfi tí mo bá gba ọmọ-ọ̀dọ̀ tí mò ń sanwó fún."

Ẹ bá ẹ̀kọ́ yín lọ. Màmá já ẹ̀fọ́ yẹn títí, ó já igi mọ́ ewé. Láti ọjọ́ náà, kò bi yín ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín mọ́. Ṣé ẹ kíyè sí i? Ìdáhùn yín tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìwé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Owó ìfẹ̀yìntì tẹ́ ẹ retí títí, bí wọ́n tilẹ̀ san án, kò sí nínú ìṣirò náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kì í ṣe èrè iṣẹ́ ọdún yẹn. Ìsìnkú yín ni wọ́n á kà: pósí, kánópì, dísẹ́lì, àwọn onílù tí Bùọ̀dá ní dandan ni ká pè.

Rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá, Bàbá. Mo fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru kí egbò má bàa jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Bùọ̀dá ń fowó ránṣẹ́ láti Kánádà nígbà tó bá rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ìwọ tó o kàn jókòó sílé." Mo wádìí iye tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ń gbà lóṣù, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ti kà á. Kò fèsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ sí Bùọ̀dá lójú àlá.

Ọmọ yín